Ẹ̀gẹ́ Gba Iyanrìn, Kò Gba Iyọ̀: Ìtàn Gbágùúdá àti Oúnjẹ Ẹran Ọ̀sìn láti Ọ̀tọ̀ dé Àgbádárìgì

Ìfáàrà

Gbólóhùn méjì wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu olùkọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ bá délẹ̀ ní kíláàsì. Èkíní ni pé àwọn Pọtogí ni wọ́n mú ẹ̀gẹ́ wá sí ilẹ̀ Adúláwọ̀. Èkejì ni pé kò sí ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ kò lè hù lórí rẹ̀. Òtítọ́ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò kún ojú òṣùwọ̀n. Èkíní fi ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé igi ẹ̀gẹ́ wá ṣe gbogbo ìtàn, ó sì gbàgbé ọwọ́ tí ó rin ín, tí ó fún un, tí ó sì yan án. Èkejì da iyanrìn pọ̀ mọ́ iyọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun méjì tí kò jọra ni wọ́n. Olùkọ́ tí ó bá gba gbólóhùn kejì yìí gbọ́, tí ó wá kọ oko ilé-ìwé sí etí ọ̀sà níbi tí omi oníyọ̀ ti ń yọ́ wọ ilẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò pàdánù igi ẹ̀gẹ́, yóò pàdánù làálàá akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì máa bú irúgbìn tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ṣe ni pé ó tọ ipasẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní etí òkun àti etí ọ̀sà ilẹ̀ Àwórì, pàápàá ní Ọ̀tọ̀ tí ó wà ní Èkó Mẹ́nlándì, láti ayé àwọn Àgùdà títí di òní. Apá tí ó jẹ ẹ́ lógún jù ni ipò tí ẹ̀gẹ́ wà gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn òpìtàn kò kọbi ara sí tó. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilẹ̀ oníyọ̀, iṣẹ́ náà yóò fi ẹ̀gẹ́ wé bíìtì, irúgbìn abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ará Ìjíbítì ń gbìn fún ẹran ní ilẹ̀ aṣálẹ̀.

Ilẹ̀ Ọ̀tọ̀ àti omi tí ó yí i ká

Ọ̀tọ̀ méjì ni ó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì yẹ kí a tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni Ọ̀tọ̀ ti Mẹ́nlándì, tí ó kọjú sí Ìddó, tí ó sì bá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta àti Oyíngbò pààlà. Èkejì ni Ọ̀tọ̀ Àwórì, lẹ́bàá Ìjànikin, ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọmọ Àwórì ni àwọn ará méjèèjì. Ní ti Ọ̀tọ̀ ti Mẹ́nlándì, Ọlọ́tọ̀ ni olórí ibẹ̀, ó sì wà lára àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ ní Èkó. Ilẹ̀ ìdílé Ọlọ́tọ̀ fẹ̀ gan-an ní ìgbà kan: púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta àti Yábàá lónìí ló wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹja pípa àti iṣẹ́ oko ni àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe pọ̀. Ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ pupa ọlọ́ràá bí ti òkè. Iyanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àbàtà sì wà láàrin iyanrìn náà, irú èyí tí ó tẹ́ lọ sí Ìjọrà àti Ìgànmú. Omi ọ̀sà Èkó tí ó yí wọn ká kò ní ìwà kan ṣoṣo. Ní ìgbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn máa ń da omi tútù sínú ọ̀sà títí iyọ̀ inú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi òkun á gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé, ọ̀sà á sì di oníyọ̀. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn kò lè mọ ìdí tí oko kan ṣe ń yè tí ìkejì rẹ̀, tí kò jìnnà sí i rárá, ṣe ń rọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, ìdàrúdàpọ̀ tí a ń pè ní Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó àti ọ̀pọ̀ Kristẹni jáde. Gómìnà Glover pín ilẹ̀ fún àwọn Ẹ̀gbá wọ̀nyí ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ oko ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ojúlé. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó lọ sí òkè, nígbà tí ó sì di 1901 ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Ìbàdàn. Rélùwéè gba ilẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì gba ilẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí ará Ọ̀tọ̀ tí ó fẹ́ jẹ gààrí fi ní láti fi owó rà á lọ́jà.

Bí ẹ̀gẹ́ ṣe dé, àti ìdí tí ó fi pẹ́ kó tó gbilẹ̀

Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun ẹ̀gẹ́. Àwọn Tupi ní Bùràsílì ti ń rin ín, wọ́n ti ń fi agbọ̀n gígùn kan tí wọ́n ń pè ní tipiti fún omi rẹ̀, wọ́n sì ti ń yan án lórí iná, kí Pọtogí kankan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọn. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn Pọtogí gbé e kọjá òkun wá sí Kóńgò àti erékùṣù São Tomé. Ní Kóńgò, ó gbilẹ̀ kíákíá. Ní etí òkun tiwa, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tó ìgbà pípẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tó di ohun tí a ń gbìn káàkiri láti Gánà títí dé ìpínlẹ̀ Ẹdó ti òní.

Kí ló fa ìdúró pípẹ́ yìí? William O. Jones, nínú ìwé rẹ̀ Manioc in Africa tí ó jáde ní 1959, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìmọ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe igi ẹ̀gẹ́. Àlàyé yìí bọ́gbọ́n mu. Oríṣi ẹ̀gẹ́ tí ó korò ní oró nínú. Ẹni tí ó bá hú u tí ó sè é bí ẹni ń se iṣu, ó lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tàfàlà. Ilẹ̀ tí ó ní iṣu, tí ó ní àgbàdo, tí ó sì ní kókò kò ní ìdí kankan láti fi ẹ̀mí wewu nítorí igi àjèjì. Nítorí náà, ó ní láti dúró de àwọn tí ó mọ bí a ṣe ń yọ oró rẹ̀.

Àwọn náà ni àwọn Àgùdà. Àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn aládùúgbò wọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsílì àti Kúbà, tàbí àwọn ọmọ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, ìpadàbọ̀ náà pọ̀ sí i, nítorí pé ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan, ó sì fi ayé ni àwọn mìíràn lára. Wọ́n tẹ̀ dó sí Ouidah, sí Agoué, sí Àjàṣẹ́, sí Èkó, níbi tí Pópó Àgùdà ṣì wà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí wọn. Ohun tí wọ́n ti jẹ ní oko ìrèké fún ìran dé ìran ni ẹ̀gẹ́ yíyan tí àwọn ará Bùràsílì ń pè ní farinha. Bí wọ́n ṣe gbé ọnà ilé kíkọ́ bọ̀ ni wọ́n gbé ọnà ẹ̀gẹ́ ṣíṣe náà bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn máa ń yin àwọn bíríkìlà àti kápẹ́ńtà Àgùdà ju àwọn ìyá tí ó ń rin ẹ̀gẹ́ lọ, nítorí pé ilé alárà a máa dúró sójú pópó, gààrí a sì máa tán nínú àwo.

Ó sì yẹ kí a kíyèsí i pé gààrí kì í ṣe farinha. Farinha kò ní dandan pé kí a fi ẹ̀gẹ́ rírin sílẹ̀ títí yóò fi kan. Gààrí ní tirẹ̀, inú àpò tí a gbé òkúta lé ni yóò wà fún ọjọ́ 2 sí 4, kí ó lè kan, kí omi rẹ̀ sì dà nù, kí a tó jọ̀ ọ́, kí a tó yan án. Kíkan yìí, tí ó jọ bí a ṣe ń ṣe ògì, ni ọwọ́ àwọn obìnrin etí òkun wa fi kún ohun tí ó ti òkèèrè dé. Bákan náà ni làfún, tí a ń rẹ sínú omi kí a tó sá a, ṣe tẹ̀lé ìlànà èlùbọ́ tí àwọn àgbà ti mọ̀ tipẹ́. Ní ti orúkọ, ìparí ọ̀rọ̀ náà ‘gbágùúdá’ lè mú ọkàn ènìyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn Àgùdà. Ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu, ìjọra lẹ́tà nìkan kò sì tó ẹ̀rí fún onímọ̀ èdè. Ẹ jẹ́ kí ó dúró bẹ́ẹ̀.

Ọgbà ìjọba tí kò rí ẹ̀gẹ́

Ní 1887, Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà irúgbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ní ẹ̀gbẹ́ Ọ̀tọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jáde. Ọgbà yìí ni ìjọba Èkó kọ́kọ́ fi wọ iṣẹ́ ìwádìí nípa ohun ọ̀gbìn. James McNair ni ó kọ́kọ́ bójú tó o; Henry Millen ni ó tẹ̀lé e.

Kí ni wọ́n ń pín fún àgbẹ̀ níbẹ̀? Ọmọ igi kòkó, kọfí, rọ́bà, àti àwọn mìíràn tí ọjà òkè òkun ń béèrè. A kò lè sọ pé èyí kò wúlò, nítorí kòkó sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di olówó ní Àgégé àti ní òkè. Ṣùgbọ́n ojú tí ìjọba fi ń wo ilẹ̀ kò rí oúnjẹ tí àwọn ará Ọ̀tọ̀ ń jẹ, kò sì rí oúnjẹ tí ewúrẹ́ wọn ń jẹ rárá. Igi ẹ̀gẹ́ kò nílò ọgbà ìjọba. Ìyá kan á gé igi ẹ̀gẹ́ méjì mẹ́ta fún aládùúgbò rẹ̀, ó parí. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ ìjọba nípa ìtànkálẹ̀ ẹ̀gẹ́ fi fọ́nká tó bẹ́ẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ní 1968 ni S. A. Agboola ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ gbòòrò jáde lórí bí ó ṣe dé àti bí ó ṣe tàn ká ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Oyíngbò, ogun, àti owó gààrí

Láàrin ogun àgbáyé méjèèjì ni ẹ̀gẹ́ di ọba lórí tábìlì tálákà. Àjàkálẹ̀ àrùn infulúẹ́ńsà wọ Èkó láti inú ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kẹsàn-án 1918, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Don Ohadike fi hàn ní 1981 bí àìtó òṣìṣẹ́ oko lẹ́yìn àrùn náà ṣe mú kí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò Ọya fi iṣu sílẹ̀ gba ẹ̀gẹ́, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ kò pọ̀ tó ti iṣu. Ọjà Oyíngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí. Oko iṣu ní tirẹ̀ máa ń mọ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn gbìyànjú láti fi òfin so owó oúnjẹ mọ́lẹ̀ ní Èkó. Kápúténì A. P. Pullen ni ó wà nídìí ètò náà, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe ètò ọ̀hún títí di òní. Gààrí wà lára ohun tí wọ́n díye lé. Àwọn obìnrin ọjà kò gbà. Ìyá Alímọ́tù Pẹlẹ́wùúrà, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó, tako Pullen lójúkojú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò yà ẹnikẹ́ni lẹ́nu: gààrí fi ọjà gbangba sílẹ̀, ó bọ́ sí ọjà òru. Ní oṣù kẹfà 1945 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n gógó. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè lábẹ́ Michael Imoudu wà ní iwájú, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta sì ni ilé iṣẹ́ wọn. Ní ọdún kan náà ni ètò Pullen fọwọ́ lérán.

Láti ìgbà náà, ilẹ̀ oko ní Mẹ́nlándì ń pòórá lọ ni. Àjọ tí ó ń tún ìlú Èkó ṣe, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku, la Yábàá sí ojúlé. Ní àárín àwọn ọdún 1950, àwọn tí wọ́n kó kúrò ní ìsàlẹ̀ Èkó ni a kọ́lé fún ní Sùúrùlérè. Àbàtà Ìgànmú náà kò gbẹ́yìn: ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìṣeré orílẹ̀-èdè sí, tí wọ́n ṣí ní 1976.

Èèpo: oúnjẹ tí àwọn òpìtàn kò kà sí

Nígbà tí ìyá kan bá jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, tí ó ń fi ọ̀bẹ bó o, ohun méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ṣe oúnjẹ ènìyàn, ó sì ń ṣe oúnjẹ ẹran. Èèpo tó ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀gẹ́. Kí ẹ̀gẹ́ tó gbilẹ̀, èèpo iṣu àti èérí ògì ni ewúrẹ́ àti àgùntàn tí a ń sìn nílé ń rí jẹ, pẹ̀lú ewé tí àwọn ọmọdé bá já wálé. Ṣùgbọ́n iṣu ní ìgbà tirẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kò ní ìgbà: a lè fi í sínú ilẹ̀ títí a ó fi nílò rẹ̀. Nítorí náà, ilé tí ó bá ń yan gààrí ní gbogbo ọdún ní èèpo ní gbogbo ọdún. Ewúrẹ́ kúkúrú tiwa, tí kì í ṣe ẹran tí a ń dà lọ sí pápá, rí oúnjẹ ojú ilé tí kò já. Èyí jẹ́ àyípadà ńlá nínú ọ̀rọ̀ ajé agboolé, pàápàá fún àwọn obìnrin, tí wọ́n máa ń ta ẹran ọ̀sìn kan nígbà tí owó ilé-ìwé tàbí àìsàn bá dé.

Oró ni ìṣòro ibẹ̀. Nínú ẹ̀gẹ́ ni èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Bí ọ̀bẹ tàbí eyín bá ti fọ́ ara ẹ̀gẹ́, linamarin yóò pàdé èròjà mìíràn tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, yóò sì di oró sáyánáìdì. Èèpo ni oró yìí sì pọ̀ sí ju inú rẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ tí ebi ń pa, tí ó bá bá òkìtì èèpo tútù ti ẹ̀gẹ́ kíkorò pàdé tí ó jẹ ẹ́ ní àjẹyó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí lókèlókè, itọ́ yóò máa da lẹ́nu rẹ̀, yóò wó lulẹ̀, ó sì lè kú kí wákàtí kan tó pé. Ọ̀pọ̀ aáwọ̀ láàrin aládùúgbò nípa ẹran tí a fi májèlé pa kò ṣàìní èèpo ẹ̀gẹ́ nínú.

Ọgbọ́n tí àwọn ìyá fi yanjú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti gààrí. Wọn a ya èèpo sí wẹ́wẹ́, wọn a sá a sórí àpáta tàbí sórí páànù títí yóò fi gbẹ dáadáa. Atẹ́gùn àti oòrùn á gbé púpọ̀ nínú oró náà lọ. Lẹ́yìn náà, wọn a pò ó mọ́ èérí ògì. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó kọ́ wọn. Ohun tí ó ku díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni ìgbà òjò: èèpo nílò bí ọjọ́ 2 tàbí 3 ti oòrùn gidi kí ó tó gbẹ, bí òjò bá sì ká a mọ́ ìta, yóò hu èébu tí ó tún ní oró tirẹ̀. Èkejì ni pé agbára ló pọ̀ nínú èèpo, èròjà amáradàgbà kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn olùwádìí àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, tí wọ́n fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó ní àwọn ọdún 1980, gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn láti gbin igi bí àgúnmániyè sáàrin ebè, kí wọ́n lè máa gé ewé rẹ̀ fún ewúrẹ́.

Ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ẹ̀gẹ́ ṣe ní àkókò kan náà. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn ará Tàílándì gé ẹ̀gẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n sá a, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ní Nẹ́dálándì àti Jámánì, nítorí pé owó ọkà ga ní Yúróòpù nígbà náà, owó orí ẹ̀gẹ́ sì kéré. Ní 1982, wọ́n fi àdéhùn dí iye rẹ̀ kù, àtúnṣe ètò àgbẹ̀ Yúróòpù ní 1992 sì mú kí ọjà náà rọ. Nàìjíríà, tí ó ń gbin ẹ̀gẹ́ ju gbogbo orílẹ̀-èdè ayé lọ lónìí, kò rí nǹkan kan mú nínú ọjà yẹn. A kò sì lè dá àgbẹ̀ lẹ́bi: ẹnu wa ló ń gba ẹ̀gẹ́ wa.

Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ sì ti kọjá nínú ewu. Àrùn mòsáíìkì, tí ó ń ká ewé rẹ̀ kò, ti wà ní etí òkun wa ní 1929. Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà tí ó dé IITA ní Ìbàdàn ní 1971, ni ó darí iṣẹ́ tí ó bí àwọn oríṣi tí ó lè gbógun tì í. Ìkirè fi í jẹ Séríkí Àgbẹ̀ ní 1983. Nígbà tí kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà tún fẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run, Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú agbọ́n tín-ín-tìn-ìn-tín tí ó ń jẹ kòkòrò náà run wá láti Paraguay, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981. Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ti 1995 ni Herren gbà fún un.

Ní ti èèpo, àyípadà tí ó ṣe gbòógì jù kò tíì pẹ́. ILRI àti IITA ní Ìbàdàn ṣe àgbékalẹ̀ ìlànà kan ní àwọn ọdún 2010: wọ́n rin èèpo tútù pẹ̀lú ẹ̀rọ ìringààrí, wọ́n fún omi rẹ̀, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n sì sá a tàbí kí wọ́n yan án. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù yóò di tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran láàrin bí wákàtí 8. Ẹni tí ó bá wo ìlànà yìí dáadáa yóò rí i pé gààrí ni, àfi pé ewúrẹ́ àti adìyẹ ló máa jẹ ẹ́. Rírin, fífún, jíjọ̀, yíyan: ọ̀nà kan náà tí ó wá láti ọwọ́ àwọn Tupi, tí ó gba ọwọ́ àwọn Àgùdà kọjá, ni ó tún padà wá yanjú ọ̀rọ̀ èèpo.

Iyọ̀, àti ibi tí ẹ̀gẹ́ ti dúró

Ọ̀rọ̀ wá kan gbólóhùn kejì. Lóòótọ́, ẹ̀gẹ́ ń hù lórí ilẹ̀ tí ó ti gbó, ó ń hù lórí ilẹ̀ tí ó kan, ó sì ń hù lórí iyanrìn tí àgbàdo kò lè dúró lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ oníyọ̀ kò bá a lára mu. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú omi ilẹ̀, gbòǹgbò kò ní lè fa omi bí ó ti yẹ, etí ewé á jó, igi á ràn, ohun tí a ó sì wú nílẹ̀ kò ní ju ìka ọwọ́ lọ.

Bíìtì ni irúgbìn abẹ́ ilẹ̀ tí ó mọ iyọ̀ lò. Ìran bíìtì tí ń dá hù wà ní etí òkun Yúróòpù àti àríwá Áfíríkà, níbi tí omi òkun ti ń fọ́n sí i lára. Láti inú ìran náà ni àwọn ará Jámánì ti ní bíìtì ńláńlá tí wọ́n ń gbìn fún màlúù ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, láti inú ìdílé kan náà sì ni Andreas Marggraf ti rí ṣúgà ní Berlin ní 1747. Bíìtì máa ń kó iyọ̀ tí ó bá fà sínú ewé rẹ̀, á sì fi í di omi mú. Àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù kan tilẹ̀ máa ń fi iyọ̀ ṣe ajílẹ̀ fún un. Ìdí nìyí tí àwọn ará Ìjíbítì fi gbà á fún ilẹ̀ tuntun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ aṣálẹ̀, níbi tí omi kànga ti níyọ̀, tí koríko ẹran sì wọ́n. Àjọ ICBA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dubai ní 1999, fi irú iṣẹ́ ọ̀gbìn lórí ilẹ̀ oníyọ̀ báyìí ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé kí ló dé tí a kò gbin bíìtì sí etí ọ̀sà Èkó. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé irúgbìn ilẹ̀ tútù ni. Ìgbà òtútù ni àwọn ará Ìjíbítì ń gbìn ín, Èkó kò sì ní òtútù tí ó tó fún un. Ìdáhùn kejì ni ó ṣe pàtàkì jù. Iyọ̀ aṣálẹ̀ kì í ṣe iyọ̀ Èkó. Ní aṣálẹ̀, omi tí a bu rin oko ń gbẹ lọ sójú ọ̀run, ó ń fi iyọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí òjò tí yóò fọ̀ ọ́ lọ. Ọdún gorí ọdún ni ó ń pọ̀ sí i. Ní Èkó, òjò tí ó ń rọ̀ lọ́dún lé ní mìlímítà 1,500. Iyanrìn kì í sì í di omi mú. Nítorí náà, ní orí iyanrìn tí ó ga díẹ̀, láti ẹ̀yìn Ọ̀tọ̀ Àwórì lọ sí Àgbádárìgì, òjò kan máa ń fọ iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun gbé wá kúrò kí ó tó kó ara jọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ti ń ṣe dáadáa lábẹ́ àgbọn, tí àwọn ènìyàn sì rò pé ilẹ̀ oníyọ̀ ni ó gbà. Iyanrìn ni ó gbà. Òjò ni ó bá a ṣe ti iyọ̀.

Ní ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ ní bèbè ọ̀sà, ọ̀ràn náà yí padà. Òjò a fọ iyọ̀ lọ, omi òkun a sì tún gbé e padà wá lábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ẹ̀fọ́ tí a gbìn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí a sì já kí oṣù 2 tó pé, lè jèrè lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí iyọ̀ tó padà. Ẹ̀gẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù 9 sí 12 ni ó ń lò nínú ilẹ̀, ìgbà yòówù tí a bá sì gbìn ín, kò sí bí kò ṣe ní bá ẹ̀ẹ̀rùn pàdé. Omi kànga tí a bá pọn ní ẹ̀gbẹ́ oko ní oṣù kejì ọdún, tí a sì sè nínú ìkòkò títí yóò fi gbẹ, ni yóò sọ irú ilẹ̀ tí ó jẹ́: bí funfun bá lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, tí ó sì dùn bí iyọ̀ lẹ́nu, kí a gbé igi ẹ̀gẹ́ lọ sí orí iyanrìn tí ó ga, kí a sì fi bèbè náà sílẹ̀ fún àgbọn.